Aránṣọ àti Asúfèé

Bí ẹ bá dé ẹ̀yìn ògiri VGC, ọgbà àwọn olówó lọ́nà Ajah ní Èkó, tí ẹ béèrè Adékẹ́mi tó ń rán sùtánà, ọmọdé ibẹ̀ á mú yín délé rẹ̀. Ó ti lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, ẹ̀rọ rẹ̀ náà kì í dákẹ́. Ìdajì aṣọ funfun tí àwọn ará ìjọ rẹ̀ ń wọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ló ti jáde. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ aṣọ kọ́ nìyí, ọ̀rọ̀ ẹyẹ ni.

Nígbà tí gbogbo ibẹ̀ ṣì jẹ́ igbó àti iyanrìn, bàbá rẹ̀ ní oko ẹ̀gẹ́ níbẹ̀. Irú ẹyẹ méjì kan wà tí í jáde nírọ̀lẹ́ wá kòkòrò jẹ. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń bà sí, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń yé sí, àwọ̀ wọn kò sì yàtọ̀ sí ti ewé gbígbẹ. Ohun tó jọhun la fi ń wéhun, ṣùgbọ́n ti àwọn méjì yìí kọjá jíjọ. Etí ni Bàbá kọ́ ọmọ rẹ̀ pé kó fi dá wọn mọ̀. Ọ̀kan ń ké kẹ̀rẹ̀rẹ̀ láìsinmi, bí ẹ̀rọ ìránṣọ, Bàbá sì sọ ọ́ ní Aránṣọ. Èkejì ń súfèé, á fà á gùn, á wá já a wálẹ̀. Ìyẹn ni Asúfèé.

Ìgbà tí Asúfèé bá ké ni Bàbá máa ń gbé ọkọ́ kọ́ èjìká. Màmá á gbọ́ ọ láti ìdí ààrò, á ní, "Ọkọ mi ti ń bọ̀," á sì gbé omi ẹ̀bà kaná. Ẹyẹ yẹn nìkan ló láṣẹ àtisúfèé nílé wọn o! Ọmọ tó bá dán an wò tílẹ̀ bá ti ń ṣú, pàṣán Màmá ló máa bá a sọ̀rọ̀. Ṣé ejò ló fẹ́ pè wọlé ni?

Bàbá ti kú. Ẹbí ti ta ilẹ̀ náà tán, ojú Màmá sì ti fọ́. Ní ọ̀sẹ̀ tí Dúró, ẹ̀gbọ́n Adékẹ́mi, fẹ́ wá gbé Màmá lọ sí Ìlọrin, ìyá náà ní, "Kẹ́mi, mi ò béèrè nǹkan míì. Kí n tó fi ilẹ̀ ọkọ mi sílẹ̀, kí n gbọ́ Asúfèé lẹ́ẹ̀kan."

Adékẹ́mi ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. A kì í wọ bàtà sí sùtánà, nítorí náà ó ń rọra wo ibi tó ń gbẹ́sẹ̀ lé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Bẹ́ẹ̀ ni ẹyẹ kan fò pìrì níwájú ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn débi pé sáré ló sá délé.

"Màámi, mo ti rí i!"

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó gbé àpótí lọ síbẹ̀, ó fa Màmá lọ́wọ́, ó sì mú un jókòó lé e. Wọ́n dúró títí ẹyẹ náà fi ké: kẹ̀rẹ̀rẹ̀rẹ̀.

"Aránṣọ nìyẹn," Màmá wí. "Ojú mi ló fọ́, etí mi ò fọ́."

"Ẹ jẹ́ ká ní sùúrù díẹ̀ sí i, Màámi."

Wọ́n dúró díẹ̀ sí i. Jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n gbọ́, ọ̀kadà ni wọ́n gbọ́. Bí ilẹ̀ bá mọ́, Dúró á dé wá gbé Màmá lọ. Àánú ìyá rẹ̀ ṣe Adékẹ́mi, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó rọra dìde, ó lọ dúró sẹ́yìn òkìtì iyanrìn kan, ó ká ètè jọ, ó sì súfèé. Ó fà á gùn, ó já a wálẹ̀.

Màmá yíjú síhà òkìtì náà.

"Kẹ́mi."

"Màámi." Àgbàlagbà obìnrin bíi ti Adékẹ́mi, ó dúró bí ọmọdé tó ń retí pàṣán.

"Ẹyẹ kì í fa imú kó tó ké."

Màmá gbójú sókè síhà ibi tí oko wà nígbà náà.

"Tún súfèé," ló wí. "Ọkọ mi ti ń bọ̀."