Òdòdó Ara Ògiri Bàbá Mi

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ara ògiri. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí bàbá mi kọ́ sí Ìkirè yìí, amọ̀ ni wọ́n fi mọ ọ́n. Ògiri ìsàlẹ̀ nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí mo máa ń jókòó sójú fèrèsé ní kékeré, tí mo ká ẹsẹ̀ méjèèjì sókè, tí òjò kò kàn mí. Bíríkìlà ni bàbá mi, ọwọ́ wọn lèmi náà ti kọ́ iṣẹ́ ọ̀hún. Nígbà tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ iwájú ilé, wọ́n fọwọ́ ara wọn mọ òdòdó mẹ́fà àti kìnnìún kan sí i. Ẹni tó bá ń ti Apòmù bọ̀ wá bá wa, kìnnìún yẹn ni wọ́n á fi júwe ilé fún un.

Lọ́dún tó kọjá, ògiri ẹ̀yìn là. Ọmọ mi tó jẹ́ ẹnjiníà wá láti Ìbàdàn, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ilé náà kò ní kọjá òjò méjì sí i. Ó fẹ́ fi irin tún un kọ́. Àwọn àbúrò mi gbà kíá. Èmi nìkan ni mo ń fà sẹ́yìn, nítorí òdòdó.

Ọmọ mi jókòó tì mí, ó ṣàlàyé. Ó ní láyé ọjọ́un ní Amẹ́ríkà, bí ilé bá ṣe ń ga sí i ni ògiri ìsàlẹ̀ ń nípọn sí i, títí tí ògiri fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ yàrá tán. Ìgbà tí wọ́n wá fi irin ṣe egungun ilé, irin ló ń ru gbogbo àjà. Ibẹ̀ ni ilé àwòṣífìlà ti bẹ̀rẹ̀.

“Bàbá, ògiri wá di aṣọ lásán,” ó ní. “Wọ́n kàn ń wọ̀ ọ́ fún irin ni.”

Mo bi í pé kí ló wá ṣẹlẹ̀ sáwọn oníṣẹ́ ọnà. Ó ní iṣẹ́ wọn tilẹ̀ pọ̀ sí i fúngbà díẹ̀. Wọ́n ń fi mọ́ọ̀dù yọ ewé àti òdòdó láti inú amọ̀, wọ́n ń sun ún bí ẹni sun ìkòkò, wọ́n sì ń so ó mọ́ ara irin, kí iná má baà rí irin jẹ. Ẹ̀yìn náà ni gíláàsì dé, tí ọnà bá tirẹ̀ lọ.

Èyí tí mo fẹ́ gbọ́ ni mo mú níbẹ̀. Mo ní bí òdòdó bá ṣeé so mọ́ irin, kí wọ́n gé ti bàbá mi kalẹ̀, kí wọ́n so ó mọ́ ilé tuntun.

“Ẹ̀yin lẹ mọ iṣẹ́ yín, Bàbá. Ṣé ó máa ṣeé gé?”

Mo ní ó máa ṣeé gé. Ọ̀rọ̀ ẹnu mi yìí ni wọ́n fi ṣí òrùlé, tí wọ́n wó ẹ̀yìn ilé.

Bíríkìlà méjì láti Apòmù ló tẹ́ àpò sísàlẹ̀ dè mí. Ọ̀kan ní kí n fún òun ní kìnnìún yẹn, ó lè bá òun dẹ́rù ba ìyàwó òun. Ẹnì kejì ní kìnnìún gan-an ló máa sá. Mo rẹ́rìn-ín, mo sì ki irin tí a fi ń gé ògiri bọ ẹ̀yìn òdòdó àkọ́kọ́.

Amọ̀ gbígbẹ ni irin bá. Bàbá mi kò fi ìṣó kankan há a. Wọ́n ha ojú amọ̀, wọ́n tẹ sìmẹ́ǹtì bọ inú ibi tí wọ́n ha, ó tán. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, gbogbo àgbà iṣẹ́ ló ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ti pẹ́ tí ara búlọ́ọ̀kù nìkan ni mo ti ń rẹ́lé, mo gbàgbé amọ̀. Òdòdó náà di ẹ̀kúfọ́ lọ́wọ́ mi. Ìkejì náà di ẹ̀kúfọ́.

“Ká dúró, Bàbá?” ọmọ mi bi mí.

Ká dúró ṣe kí ni? Ilé ò lórí mọ́, òjò sì ti ṣú láti apá Ìkirè-Ilé. Ọjọ́ méjì ló fi rọ̀. A da tapólì bò ó, ó ya. Mo jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé òdìkejì, mò ń wo bí amọ̀ ṣe ń ṣàn lọ sínú gọ́tà, tí kìnnìún àti òdòdó mẹ́rin tó kù ń já lulẹ̀ tẹ̀lé e, tí wọ́n ń fọ́.

Irin ti dúró báyìí. Ọmọ mi ní òun ti rí ẹni tó máa bá wa fi mọ́ọ̀dù ṣe òdòdó mìíràn, ó ní kí n sọ bó ṣe rí gan-an. Ó mú bírò àti ìwé dání. Ó béèrè pé ewé mélòó ló wà lára òdòdó kọ̀ọ̀kan.

Abẹ́ rẹ̀ ni mo dàgbà sí. N kò lè sọ bóyá márùn-ún ni tàbí mẹ́fà.