Ọkọ̀ Ojú Irin Gberefu

Kò sí ojú irin ní Àgbádárìgì. Ẹ jẹ́ n tètè sọ ìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má baà ní irọ́ ni mo ń pa. Ọkọ̀ ojú omi la mọ̀ níbí, lẹ́yìn náà ni ọ̀nà ọ̀dà ńlá tí owó epo rọ̀bì là dé Mowo nítòsí wa. Ọmọ ìlú yìí tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ rélùwéè, àfi kó kó ẹrù rẹ̀, ohun tí Elijah Zinsu sì ṣe nìyẹn. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ṣe ọ̀gá ibùdókọ̀ láwọn ibùdó kéékèèké lókè lọ́hùn-ún, èyí tó ti pẹ́ jù wà lẹ́yìn Ọ̀fà. Nígbà tó fi máa fẹ̀yìntì lọ́dún 1977, Leah ìyàwó rẹ̀ ti kú, Samuel, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, sì ti wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó padà sílé bàbá rẹ̀ létí ọ̀sà pẹ̀lú àpótí méjì àti fìlà iṣẹ́ rẹ̀. Másítà ni gbogbo àdúgbò ń pè é.

Wọ́n bọ̀wọ̀ fún un o, n ò ní purọ́ mọ́ wọn. Àmọ́ ọ̀wọ̀ kì í báni jẹun. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti kú tán, àwọn tó kù ò sì mọ ohun tí wọ́n máa bá a sọ. Èdè Ègùn ẹnu rẹ̀ gan-an ti ń dógùn-ún, ó máa ń wá ọ̀rọ̀ títí kó tó rí i. Bó bá ti ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì dé lọ́jọ́ Ìsinmi, ó di ọjọ́ Ìsinmi mìíràn kí ẹlòmíì tó bá a sọ̀rọ̀ tó ju ìkíni lọ. Dosi nìkan ló máa ń yà. Opó ni Dosi, Gberefu ló ń gbé, lórí ilẹ̀ iyanrìn tó wà láàárín ọ̀sà àti òkun. Òróró àgbọn ló ń gbé sọdá wá tà, ìloro Másítà ló sì máa ń gbé agolo rẹ̀ sí títí ọkọ̀ á fi máa padà ní ìrọ̀lẹ́.

Lọ́dún 1980, páálí kan dé láti Lọ́ńdọ̀nù. Másítà tú u, ó sì bá ọkọ̀ ojú irin kékeré kan nínú rẹ̀, orí ọkọ̀ náà ò gùn ju ṣùkù àgbàdo lọ, ó ní ilé èrò mẹ́ta lẹ́yìn, ó ní àpótí iná, àti irin tó tẹ̀ kọrọdọ tí wọ́n ń so pọ̀ mọ́ra. Samuel kọ ọ́ sínú ìwé pé òun rí i ní ṣọ́ọ̀bù, òun sì rántí bàbá òun àti agogo rẹ̀. Omi bọ́ lójú Másítà. Ó pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti rántí agogo náà.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé agogo yìí. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni ojú irin ìgbà yẹn, ọkọ̀ tó ń lọ àti ọkọ̀ tó ń bọ̀, orí rẹ̀ náà ni. Kí ọkọ̀ tó kúrò ní ibùdó kan, ọ̀gá ibẹ̀ á lu agogo sí ọ̀gá ibùdó iwájú láti béèrè bóyá ọ̀nà là. Bí ìyẹn bá lu agogo padà, ìgbà náà lọ̀gá tó máa fún awakọ̀ ní òrùka irin kan tó jẹ́ àṣẹ ọ̀nà. Awakọ̀ tí ò bá ní òrùka lọ́wọ́ ò gbọdọ̀ gbéra. Ọ̀gá tó bá sì fún awakọ̀ ní òrùka láìgbọ́ agogo ẹnì kejì, ẹ̀wọ̀n ló ń wá, bí kò bá rí òkú. Ẹnì kan kì í ṣí ọ̀nà fún ara rẹ̀: òfin tí Másítà jẹ, tó mu, tó fi sùn nìyẹn. Nígbà tí Samuel wà lọ́mọ ọdún méje, eré tí wọ́n máa ń ṣe nìyí. Bàbá á lu agogo ní pálọ̀, ọmọ á wà ní kíṣìnnì, á fi ṣíbí lu kọ́ọ̀bù táńganran láti dá a lóhùn, Leah á sì máa pariwo pé kọ́ọ̀bù òun ti ń bó.

Másítà so irin inú páálí náà pọ̀ sílẹ̀ pálọ̀. Ó di róbótó. Ó tan iná sí i, ọkọ̀ gbéra, ó yí po, ó tún yí po. Másítà rẹ́rìn-ín, àfi bí inú ṣe ṣàdédé bí i. Irú ọkọ̀ wo nìyí, tí ò kúrò níbì kan, tí ò sì débì kan? Ó paná rẹ̀. Ó ní òun máa ṣe ojú irin gidi, èyí tó ní orí tó sì ní ìdí.

Ọdún kan gbáko ló fi wéwèé rẹ̀. Ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì ló ń yàwòrán sí, ó fi okùn wọn pálọ̀, ó wọn yàrá kejì tó yà sọ́tọ̀ de Samuel, ó gé páálí bí ìrísí irin, ó sì ń tò wọ́n sílẹ̀ láti mọ ibi tí ọkọ̀ á ti lè tẹ̀ láìṣubú. Ó rí i pé ọkọ̀ ò lè gba ẹnu ọ̀nà, igun ibẹ̀ ti le jù. Ó bá ránṣẹ́ sí Sagbo káfíńtà, ó ní kó lu ògiri tó wà láàárín yàrá méjèèjì, kó sì kan tábìlì gígùn láti ibí dé ọ̀hún. Sagbo wo ògiri, ó wo Másítà, ó béèrè bóyá ara wọn le. Àmọ́ ó lù ú.

Pálọ̀ ni Másítà pè ní Àgbádárìgì. Yàrá Samuel ló pè ní Gberefu. Ihò ara ògiri ni ọ̀sà, ó sì gbé afárá pákó lé e. Nígbà tí Dosi rí pátákó tí wọ́n kọ Gberefu sí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹ̀rín ṣubú. Ó ní ìjọba tí ò ṣe afárá kan fún àwọn, Bàbá Samuel ti wá ṣe rélùwéè, kí wọ́n ṣáà má gba orí ilé òun kọjá. Ó sì ṣe é lóore tó bà á nínú jẹ́: afẹ́fẹ́ òkun ń mú kí irin náà dípẹtà, Dosi bá fi òróró àgbọn pa á látòkè délẹ̀ bí ẹni ń para fọ́mọ. Ọkọ̀ ò lè rìn mọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yọ̀, iná ò sì kọjá. Ọjọ́ mẹ́ta ni Másítà fi ń fi kẹrosíìnì nù ún, kò sì bá Dosi sọ̀rọ̀ títí ó fi parí.

Ìdí ibùdókọ̀ kọ̀ọ̀kan ní àga. Agogo idẹ wà ní Àgbádárìgì, kọ́ọ̀bù táńganran àti ṣíbí wà ní Gberefu. Ẹ ti mọ ẹni tó fi àga kejì pa mọ́ dè. Ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí, ojú irin tí Másítà yà sórí ìwé, èèyàn méjì ló ń gbé e. Ó kọ̀wé sí Samuel pé irin ò tó, Samuel fi òmíràn ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Nínú páálí ìkẹyìn, ó kọ ọ́ pé Kérésì 1983, òun ń bọ̀, kí wọ́n fi Gberefu sílẹ̀ fún òun. Másítà ka ìwé yẹn títí ó fi já níbi tí wọ́n ti ká a. Ó ní ọkọ̀ ò ní rìn lójú irin náà títí ọ̀gá Gberefu á fi dé.

Kérésì pé. Ọjọ́ mẹ́rin léraléra ni Másítà dé fìlà iṣẹ́ rẹ̀, tó lọ dúró ní oríta Mowo, tó ń wo ojú àwọn tó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ Èkó. Ní ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún, sójà gbàjọba. Oṣù Èrèlé ni lẹ́tà tó dé. Samuel ní kí bàbá òun má bínú. Ó ní nǹkan ti bàjẹ́ nílé, òun ti ra ilé síbẹ̀, òun ò sì ní padà wá gbé Nàìjíríà mọ́. Ìlà tó kẹ́yìn kà báyìí pé: “Ẹ máa fi ọkọ̀ yẹn ṣeré fúnra yín, Bàbá.”

Fúnra yín! Bẹ́ẹ̀, ojú irin tó yà sórí ìwé ò ṣeé dá nìkan rìn.

Láti ọjọ́ náà, bí aago mẹ́rin bá lù, Másítà á jókòó ní Àgbádárìgì, á lu agogo lẹ́ẹ̀mẹta, á dúró, á wá kọ ọ́ sínú ìwé ibùdó pé kò sí ìdáhùn. Ọkọ̀ ò gbéra. Dosi wò ó títí, ó ní ọ̀nà kan ò wọjà, kí ló dé tí wọn ò wọ yàrá lọ kí wọ́n lu kọ́ọ̀bù náà fúnra wọn?

“Ẹnì kan kì í ṣí ọ̀nà fún ara rẹ̀, Dosi.”

Dosi gbé agolo rẹ̀, ó lọ wọ ọkọ̀ ojú omi. Àmọ́ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Másítà lu agogo lẹ́ẹ̀mẹta, ó ti gbé kálàmù, kọ́ọ̀bù bá dáhùn láti yàrá kejì: ko, ko, ko. Ó gbàgbé lẹ́tà, ó gbàgbé ọdún, ó fò dìde.

“Samuel!”

“Èmi ni, Bàbá Samuel,” Dosi wí láti inú ihò ògiri. “Ẹ má bínú.”

Ojú tì í, ojú tì wọ́n jọ. Ṣùgbọ́n agogo ti dáhùn, òfin sì ni òfin. Másítà fi òrùka wáyà kékeré tó ti ṣe sílẹ̀ kọ́ orí ọkọ̀, ó tanná, ọkọ̀ gbéra ní Àgbádárìgì, ó gun afárá, ó wọ ihò ògiri, ó sì dé Gberefu. Dosi ní ó ti dé o, ó dára gan-an. Inú Másítà dùn, irú dídùn tí kò mọ̀ látìgbà tí Leah ti kú. Bẹ́ẹ̀ ni awakọ̀ ojú omi ń ké létí ọ̀sà, Dosi gbé agolo rẹ̀, ó sáré lọ.

Ọkọ̀ wà ní Gberefu. Òrùka wà ní Gberefu. Ta ni yóò dá a padà?

Másítà wọ yàrá Samuel, ó jókòó sórí àga tí kò tíì jókòó lé rí látọjọ́ tí wọ́n ti gbé e síbẹ̀. Ó mú ṣíbí, ó lu kọ́ọ̀bù lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì ń retí agogo Àgbádárìgì. Pálọ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Ìgbà yẹn ló wá yé e pé òun nìkan ló ń dáni lóhùn láti pálọ̀, bí òun bá sì ti kúrò lórí àga ọ̀hún, kò sí ẹnì kan nílé tí yóò dá Samuel lóhùn mọ́. Ó sunkún, àgbàlagbà náà, ó sunkún bí ọmọdé. Ó wá fi ọwọ́ gbé ọkọ̀ kúrò lórí irin, ohun tí ọ̀gá ibùdókọ̀ kankan kì í ṣe, ó gbé e mọ́yà padà sí pálọ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Sagbo wá dí ihò ògiri. Másítà tú gbogbo irin gígùn, ó dì wọ́n sínú páálí, àwọn tó wá nínú páálí àkọ́kọ́ nìkan ló ṣẹ́kù. Ó so wọ́n pọ̀ róbótó lórí tábìlì. Ó fi òrùka kọ́ sára ìṣó lábẹ́ fọ́tò Leah, nítorí kò sí ẹni tí yóò fún mọ́.

Nígbà tí Dosi yà ní ìrọ̀lẹ́, ó bá a lórí àga, ọkọ̀ ń yí po, ó ń yí po, kò sì sí agogo. Dosi béèrè ibo ni ọkọ̀ yìí ń lọ báyìí tí Gberefu ò sí mọ́.

“Kò lọ ibì kan,” Másítà dá a lóhùn, kò gbójú sókè. “Ó ń bọ̀ wálé ni.”