Orin Kenta Níbi Sàréè Ọmọ Ryukyu

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí mo fi wọ mọ́tò kúrò ní Ìkẹ́nnẹ́ lọ sí Èkó, níbi tí mo ti wọ bàálù. Ọmọ mi obìnrin, Adéọlá, tó ń kàwé ní Okinawa, erékùṣù kan ní gúúsù Japan, ló ní kí n wá. Ó mọ̀ pé olùkọ́ orin ni mí, ó ní àwọn ọ̀dọ́ olórin kan wà níbẹ̀ tó yẹ kí n gbọ́ orin wọn.

Láyé àtijọ́, Okinawa ní ọba tirẹ̀. Ryukyu ni wọ́n ń pe ìjọba náà. Nígbà tí àwọn ará Japan ṣẹ́gun wọn, àwọn ará Ryukyu ń rán ikọ̀ lọ kí olórí Japan, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ààfin a sì bá wọn lọ láti kọrin, láti jó. Gakudoji ni wọ́n ń pè wọ́n, ìyẹn ọmọ olórin. Àwọn mìíràn ò padà délé.

Ọ̀nà yìí ni àwọn ọ̀dọ́ olórin náà fẹ́ tọ̀, kí wọ́n lè kọrin níbi sàréè ọ̀kan nínú wọn, èmi àti Adéọlá sì bá wọn wọkọ̀ ojú omi láti Naha ní Okinawa lọ sí Kagoshima, ìlú èbúté kan ní ilẹ̀ Japan gangan. A bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà yàrá inú ọkọ̀ bí ẹni wọ mọ́ṣáláṣí, orí ẹní la sì sùn. Ọ̀dùnkún tí inú rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ àlùkò la jẹ. Ó dùn, àmọ́ ìkọ́kọrẹ́ lọkàn mi ń fà sí.

Ìgbì bá wa jà. Kenta, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú àwọn ọ̀dọ́ náà, tó yẹ kó lé orin, bì títí ojú rẹ̀ fi wọnú.

Nígbà tí a gúnlẹ̀, a lọ sí ọgbà tẹ́ńpìlì kan tí wọ́n sin ọ̀kan nínú àwọn gakudoji sí. Ìyá àgbà tó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ náà lórin ní kí Kenta jókòó, kí ẹlòmíràn lé orin. Adéọlá ń ṣe ògbufọ̀ fún mi.

Kenta ní, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́. Ẹni tó sùn síbí ò gbọ́ ohùn ilé mọ́ láti ọjọ́ yìí."

"Ṣé agbára rẹ ká a?"

"Màá gbìyànjú, mà."

Ó gbé sanshin, ohun èlò olókùn mẹ́ta tí wọ́n fi awọ ejò bò, ó sì bẹ̀rẹ̀. Láàárín orin, ohùn rẹ̀ já. Ó dákẹ́. Mo rò pé ẹlòmíràn yóò gbà á lẹ́nu rẹ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tó mira. Gbogbo wọn dúró dè é. Nígbà tó yá, ó tún bẹ̀rẹ̀ ní ohùn ìsàlẹ̀, ó sì kọ ọ́ parí.

"Dádì, ẹ̀yin náà ń sunkún?"

"Dákẹ́ jàre. Ọmọ àmúyangàn lọmọ yìí."

Mo ti padà sí Ìkẹ́nnẹ́ báyìí. Àwọn ará ilé ń bi mí bóyá Japan tóbi ju Èkó lọ. Ìtàn Kenta ni mo ń sọ fún wọn. Ní kíláàsì mi, tí ohùn ọmọ bá já lórí orin, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lẹ́nu rẹ̀. A ó dúró. Á tún bẹ̀rẹ̀.