Bátìrì Tó Ń Kú Lọ Ló Kọ́ Mi Ní Jìtá

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìlobù, bátìrì kì í kú nílé wa, ńṣe ló máa ń darúgbó. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ẹgbẹ́ mi mọ ohun tí mò ń sọ. Bàbá mi á ra mẹ́rin tuntun sínú rédíò oníkáṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, rédíò tí eku ti jẹ wáyà iná rẹ̀ tipẹ́. Níwọ̀n ìgbà tí ara bátìrì náà bá ṣì le, ìròyìn àti wáàsí nìkan ló wà fún. Bí ohùn oníròyìn bá wá ń fà bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, Bàbá á ní ó ti kú, á yọ ọ́ dànù, á ra òmíràn. Òkú bátìrì wọ̀nyẹn ni ogún tèmi. Mo máa ń sá wọn sóòrùn lórí páànù, mo máa ń fi eyín tẹ̀ wọ́n nídìí, mo tilẹ̀ máa ń tò wọ́n sórí ìdérí ìkòkò kí ooru lè jí wọn. Ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, a máa sọ pé ọmọ tó ń jẹ bátìrì báyìí, ojú rẹ̀ ni yóò máa tàn bí iná tó bá dàgbà.

Ilé wa jẹ́ ilé àwọn tó ti Gáná dé. Nígbà tí wọ́n ní kí gbogbo àlejò máa lọ sílé wọn lọ́dún 1969, Ìyá àgbà kó ọmọ mẹ́rin, àpótí aṣọ méjì àti jìtá onípákó kan wọ lọ́rì. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ló ni jìtá náà. Ó ní kí wọ́n máa gbé e lọ, òun ń bọ̀ lẹ́yìn. Kò bọ̀ mọ́ o, ó fẹ́ ìyàwó síbẹ̀, ó sì jókòó pa. Bẹ́ẹ̀ ni jìtá ṣe di ará orí àjà, tí aláǹtakùn ń kọ́lé sínú rẹ̀, títí èmi Sìdíkátù, ọmọ ọdún mẹ́wàá, fi lọ wá ìkòkò ńlá níbẹ̀ nígbà ọdún Iléyá kan. Okùn márùn-ún ló kù lára rẹ̀. Ẹyọ wáyà kan tí mo tú lára ìjánu kẹ̀kẹ́ ni mo fi ṣe ìkẹfà.

Ẹni tó mú kí n fẹ́ràn jìtá, Ìfọ́n ló ń gbé. Bàbá Tákórádì la máa ń pè é, nítorí ìlú Tákórádì ní Gáná ni òun náà ti dé, iṣẹ́ káfíńtà ló sì ń ṣe. Mo tẹ̀ lé Ìyá àgbà lọ ra àpótí ìjókòó lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ kan, mo sì bá a níbi tó jókòó sórí ìtì igi, tó ń ta jìtá. Kò kọrin lọ́jọ́ náà nítorí ìṣó mẹ́ta wà láàárín ètè rẹ̀. Ìka méjì péré ló fi ń ṣiṣẹ́. Àtàǹpàkò rẹ̀ ń rìn lórí okùn òkè láìdúró, ìka ìlábẹ̀ rẹ̀ sì ń dá a lóhùn nísàlẹ̀. Mo gbàgbé pé àpótí la wá rà. Ìyá àgbà ní láti fà mí létí kí n tó gbé ẹsẹ̀.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ni bàbá yìí ṣe káṣẹ́ẹ̀tì kan. Ìyá àgbà ra ọ̀kan nítorí orin kan báyìí tó wà nínú rẹ̀, Ẹ Bá Mi Gbẹ́rù, tó sọ nípa ìrìn àjò àwọn tó ń ti Gáná bọ̀. Bàbá mi kò jẹ́ kí bátìrì tuntun rẹ̀ kan káṣẹ́ẹ̀tì náà. Nítorí náà, òkú bátìrì ni mo fi gbọ́ ọ láti ọjọ́ kìíní. Orin náà ń bọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí arúgbó tó ń gun òkè. Ohùn bàbá náà wúwo tó bẹ́ẹ̀ tó fi dà bíi pé inú kànga ló ti ń kọ ọ́. Mo ní áà, àgbà olórin nìyí.

Mo jókòó ti orin yẹn fún bí ọdún kan. Bí mo bá ti pọnmi, tí mo gbálẹ̀, tí mo fọ abọ́ àárọ̀ tán, ẹ̀yìnkùlé ni mò ń sá lọ kó tó di àsìkò ilé kéú. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń fò súwè níwájú ilé, wọ́n ń ṣe tẹ́ńtẹ́ń, wọ́n ń pè mí títí ó fi sú wọn. Mo dẹ okùn jìtá títí tó fi bá ohùn káṣẹ́ẹ̀tì dọ́gba, wọ́n wá rọ̀ débi pé wọ́n ń gbọ̀n tí mo bá ta wọ́n. Mo á gbọ́ díẹ̀, mo á dá a dúró, mo á wá a lórí okùn. Bí n kò bá rí i, mo á yọ káṣẹ́ẹ̀tì, mo á ki báírò ìkọ̀wé bọ ojú rẹ̀, mo á yí i padà sẹ́yìn, nítorí bátìrì kò ní agbára tó lè yí i. Nítorí pé orin náà ń rọra lọ, kò sí ìka kan tí bàbá yẹn gbé tí n kò gbọ́. Mo mọ ibi tí àtàǹpàkò rẹ̀ ti ń tẹ̀ le, mo mọ ibi tí ìlábẹ̀ ti ń pẹ́ kó tó dáhùn. Nígbà mìíràn, Ìyá àgbà á dáwọ́ ẹ̀wà tó ń ṣà dúró, á fi etí ìró nu ojú. Obìnrin kan láti agboolé kejì tilẹ̀ wọlé wá kí wa kú ará fẹ́raakù. Nígbà tó gbọ́ pé kò sẹ́ni tó kú, inú bí i díẹ̀.

Ẹ̀wà ló kó bá mi. Wọ́n ní kí n máa ṣọ́ ọ lórí iná lọ́jọ́ kan tí mò ń wá ìparí orin náà. Mo rí ìparí orin, ẹ̀wà náà sì rí ìparí tirẹ̀. Gbogbo àdúgbò ló gbóòórùn rẹ̀ kí n tó gbọ́ ọ. Mo kúnlẹ̀, mo nawọ́ sókè láti ìrun Àsárì títí di Mágàrìbí, ọjọ́ méjì gbáko ni mo sì fi jẹ ẹ̀wà jíjóná yẹn pẹ̀lú gàrí, tèmi nìkan. Èyí tó burú jù ni ìdájọ́ Bàbá. Kì í ṣe ẹni tó ń pariwo. Ó pè mí, ó ní, "Sìdí, lọ bá bàbá yẹn ní Ìfọ́n. Tó bá ní o mọ̀ ọ́n, máa ta jìtá rẹ. Tó bá ní o kò mọ̀ ọ́n, jìtá ń padà sórí àjà, ìwọ ń padà sídìí máṣíìnì ìránṣọ ìyá rẹ." N kò sùn dáadáa lóru yẹn. Mo fẹ́ràn ìyá mi púpọ̀, àmọ́ n kò fẹ́ràn máṣíìnì rẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ Sátidé ni èmi àti Ìyá àgbà fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí Ìfọ́n. Mo gbé jìtá, ó gbé kẹ́ńkẹ́, ẹ̀kọ àwọn ará Gáná tí wọ́n ń fi èèpo àgbàdo dì, pẹ̀lú ẹja díndín àti ata lílọ̀. A bá Bàbá Tákórádì àti ọmọọṣẹ́ méjì níbi tí wọ́n ti ń fá pákó. Mo kúnlẹ̀. Àwọn àgbà kí ara wọn kú iṣẹ́, kú ilé, kú ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí fi èdè Gáná dá àpárá tí n kò gbọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí n jókòó kí n ta ohun tí mo mọ̀.

Mo ta á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, n kò ṣi ẹyọ kan. Mo gbójú sókè. Àwọn ọmọọṣẹ́ ń wo ara wọn. Bàbá Tákórádì rọra béèrè pé, "Ọmọ mi, ta ló kú?"

Mo ní kò sẹ́ni tó kú, sà, orin yín ni. Ó ní orin òun kẹ̀? Ó gbé jìtá tirẹ̀, tí okùn rẹ̀ le dáadáa, ó sì bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, orin náà ń ta pàràpàrà bí àgbàdo nínú ìkòkò gbígbóná. Ọmọọṣẹ́ kan ti ń mi èjìká. Ohùn bàbá náà tún wá tẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti obìnrin tó ń kiri ọjà. Mo ní irọ́ ni, kì í ṣe ẹni yìí ló wà nínú káṣẹ́ẹ̀tì mi. Mo yọ ọ́ nínú àpò, ó fi sínú rédíò tirẹ̀ tó ní bátìrì gidi, orin náà sì sáré jáde bí ẹni tí ajá ń lé.

Ọdún kan gbáko! Mo ti ń rí jìtá tó ń gun àkàsọ̀ lọ sórí àjà. Ìyá àgbà ṣàlàyé ọ̀rọ̀ òkú bátìrì, oòrùn àti ìdérí ìkòkò, àwọn ọmọọṣẹ́ sì rẹ́rìn-ín títí ọ̀kan fi jókòó sílẹ̀. Mo bú sẹ́kún.

Bàbá Tákórádì kò rẹ́rìn-ín. Ó yọ pẹ́ńsùlù tó wà létí rẹ̀, ó ní kí n tún un ta, bí mo ṣe ta á tẹ́lẹ̀ gan-an, kí n má yára. Mo ta á pẹ̀lú ikun nímú. Nígbà tí mo fi máa dé àárín, ó ti dorí kodò. Mo parí, ó gbójú sókè.

"Wọ́n ní bọ́mọdé láṣọ bí àgbà, kò lè lákísà bí àgbà," ó ní. "Ọmọ yìí, níbo lo ti rí àkísà mi?"

Ó wá yíjú sí Ìyá àgbà. Ó ní inú lọ́rì ni òun ti dá orin náà, lórí ẹrù, nígbà tí òun kò mọ̀ bóyá ẹnì kan ṣì mọ òun nílé. Bí mo ṣe ta á yẹn gan-an ló rí. Ìgbà tí òun dé Ìfọ́n ni òun mú un yára, nítorí kò sẹ́ni tó ń pe olórin wá sóde kó wá sunkún. Òun ti mú un yára títí òun fúnra òun fi gbàgbé bó ṣe rí tẹ́lẹ̀. Ìyá àgbà ní òun kò gbàgbé ìrìn àjò yẹn ní tòun. Ó tú kẹ́ńkẹ́, gbogbo wa sì jẹun. N kò jẹ ohun tó dùn tó o rí láti ọjọ́ náà.

Nígbà tí a délé, Bàbá béèrè ohun tí ọkùnrin náà sọ. Ìyá àgbà ní ó sọ pé mo mọ̀ ọ́n ju òun lọ. N kò já a nírọ́. Ṣé ọmọdé ni yóò já àgbà nírọ́?

Láti ìgbà náà, gbogbo Sátidé ni mò ń lọ sí Ìfọ́n. Bàbá Tákórádì kọ́ mi láti fa okùn le, ó sì kọ́ mi bí mo ṣe lè ti inú pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bọ́ sínú ìyára láìjẹ́ kí orin já. Ó ní àtàǹpàkò ni ọkọ̀, ìlábẹ̀ ni èrò, ọkọ̀ kì í sì í dúró de èrò tó ń ṣeré lọ́nà. Bí àtàǹpàkò mi bá dúró, á fi ọ̀pá ìwọ̀n káfíńtà gbá mi nígbọ̀nwọ́, kò dùn mí púpọ̀. Nígbà tí Iléyá dé, ó pè mí kí n jókòó ti òun níwájú ilé rẹ̀. Èmi nìkan ni mo bẹ̀rẹ̀ Ẹ Bá Mi Gbẹ́rù, bí bátìrì ṣe kọ́ mi. Ẹran àgbò wà lọ́wọ́ gbogbo àwọn ará Gáná àtijọ́, wọn kò jẹ ẹ́. Bàbá Tákórádì wá fi jìtá tirẹ̀ wọnú orin náà, ó ń ta pàràpàrà, gbogbo wọn sì dìde. Ìyá àgbà tó ní orúnkún ń dun òun ló kọ́kọ́ débi ijó. Mo rí Bàbá mi lẹ́yìn èrò nínú agbádá funfun, tó ń ṣe bí ẹni tó kàn ń kọjá. Lọ́jọ́ kejì, mo bá bátìrì tuntun mẹ́rin lórí ẹní mi. Inú mi dùn débi pé mo fi wọ́n pamọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, n kò lò wọ́n.

Òṣogbo ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní jìtá báyìí. Ayé wọn rọrùn, mi ò sì bínú sí wọn. Orin gbogbo wà nínú fóònù, kò sẹ́ni tó ń fi eyín tẹ bátìrì, àwọn òbí wọn ló tilẹ̀ ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jókòó ti jìtá. Nígbà tiwa, a ó kúnlẹ̀ ká tó rí àyè ṣe ohun tí a fẹ́. Láìpẹ́ yìí, ọmọbìnrin kan nínú wọn mú Ẹ Bá Mi Gbẹ́rù wá fún mi. Ẹnì kan ti gba káṣẹ́ẹ̀tì àtijọ́ yẹn sórí fóònù, ó sì ti ń lọ lẹ́nu àwọn ọmọdé. Ọmọbìnrin náà ní, "Àǹtí, ẹ má dààmú, mo ti mú un rọra lọ kí n lè kọ́ ọ." Ó tẹ ohun kan, orin náà sì rọra ń lọ lóòótọ́. Àmọ́ fóònù ti bá a tún ohùn ṣe. Ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ Bàbá Tákórádì ṣì wà lókè níbi tó wà, kò sọ̀ kalẹ̀ rárá, kò sí kànga, kò sí lọ́rì, kò sí ẹrù. Ọmọ náà ń wò mí, ó ń retí kí n yìn ín. Mo yìn ín. Lẹ́yìn náà ni mo ní kó pa fóònù, kó dẹ okùn jìtá rẹ̀, kó sì sún mọ́ mi.