Kíbọ́ọ̀dù Tí Kò Dákẹ́ Níbi Ìsìnkú Ìyá Mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wá gbọ́ ohun tí ojú mi rí lọ́wọ́ kíbọ́ọ̀dù n'Ígbó-Ọrà, láyé ìgbà tí kásẹ́ẹ̀tì ṣì gbòde.

Kí ìyá mi tó kú, ó ní èmi gan-an ni kí n fọwọ́ ara mi tẹ dùùrù sí orin tí òun fẹ́ràn jù níbi ìsìnkú òun. Ohun kan ṣoṣo tó bẹ̀ mí nìyẹn. Mo ṣèlérí. Ta ni kò ní ṣèlérí?

Kíbọ́ọ̀dù, ìyẹn dùùrù oníná ṣọ́ọ̀ṣì wa, ṣì tuntun nígbà náà. Nígbà tí a rà á n'Ìbàdàn, èmi tí mo jẹ́ tísà bi ọkùnrin tó tà á pé ìwé tó máa kọ́ wa bí a ó ṣe lò ó dà? Ó na bébà pẹlẹbẹ kan sí mi. Oríṣiríṣi èdè ló wà níbẹ̀, kò tilẹ̀ sí Yorùbá nínú wọn, ìkìlọ̀ pé ká má jẹ́ kí omi kàn án ló sì pọ̀ jù! Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó ní ọdọọdún ni wọ́n ń gbé tuntun jáde, pé ta ló fẹ́ náwó sórí ìwé ńlá tí kò ní pẹ́ di ti àtijọ́? Ó bá wa tan kíbọ́ọ̀dù, ó ní ó dàbọ̀. Láti ọjọ́ náà, wáyà iná la máa ń yọ tí a bá fẹ́ pa á. A ò mọ ọ̀nà mìíràn.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìsìnkú, mo kó bátìrì sí i nítorí NEPA. Ọgbọ́n ni mo pè é!

Wọ́n gbé pósí ìyá mi síwájú pẹpẹ. Mo jókòó, bí mo ṣe nawọ́ láti bẹ̀rẹ̀ orin, ìka mi ṣèèṣì kan bọ́tìnnì kan. Ni kíbọ́ọ̀dù bá bú sí ìlù dísíkò! Mo tẹ bọ́tìnnì mìíràn, fèrè dá sí i. Mo tún tẹ òmíràn, ó tún yára sí i! Ẹ gbà mí o! Lójú òkú ìyá mi!

Bàbá Kẹ́hìndé, olórí akọrin wa, sáré dé ẹ̀gbẹ́ mi. "Tísà, ẹ pa á ná! Àbí ẹ ò rí òkú nílẹ̀ ni?"

Mo fa wáyà yọ. Kò dákẹ́. Bátìrì tí mo fọwọ́ ara mi kó sí i ló ń bá eré lọ! Mo dojú rẹ̀ dé, mi ò rí ibi tí mo ṣí kó bátìrì sí láàárọ̀ mọ́, omijé ti bo ojú mi. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ké pé ṣé mo fẹ́ dójú ti màmá ni. Mo kúnlẹ̀, mo ń bẹ kíbọ́ọ̀dù bí ẹni ń bẹ èèyàn.

Nígbẹ̀yìn, Bàbá Kẹ́hìndé gbá a mọ́ àyà, ó gbé e jáde tòun ti dísíkò rẹ̀. Àwọn akọrin bá fi ẹnu lásán kọ orin màmá. Ó dùn, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n orí itan mi lọ́wọ́ mi wà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Lẹ́yìn ìsìnkú ni mo tó mọ̀ pé ẹ̀yìn kíbọ́ọ̀dù ni bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń pa á wà. Iwájú ni mo ń wá a sí. Ìlà kan péré nínú ìwé ì bá sọ ọ́ fún mi.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó gbé ẹ̀rọ kúrò níwájú ẹni tó tà á, ẹ jẹ́ kó kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń pa á, kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń tàn án nìkan. Ẹ̀yin náà ńkọ́, ẹ̀rọ wo ló ti dójú tì yín rí? Ẹ sọ tiyín kí n mọ̀ pé kì í ṣe èmi nìkan. Ní tèmi, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń sin ìyá ẹni, mi ò sì tẹ dùùrù fún un.