Genoa Tí Mo Lọ Nínú Basement

Ẹ fún mi láyè kí n ròyìn ohun tí mo fọwọ́ ara mi fà. Ojú ṣì ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Ẹ má tètè rẹ́rìn-ín o.

Ọdún tí owó epo já wálẹ̀ ní Calgary níbí ni. Engineer ni mí, ilé iṣẹ́ epo kan ní downtown ni mo wà. Èmi àti Bùnmi ìyàwó mi, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ti ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ sí Genoa, ìlú èbúté àtijọ́ kan ní Italy, létí òkun Mediterranean. Ó ti pẹ́ tí Bùnmi ti ń fẹ́ rí ibẹ̀. Èmi ni ẹnu mi kò dákẹ́. Kò sẹ́ni tí n kò fi àwòrán èbúté yẹn hàn nínú fellowship ṣọ́ọ̀ṣì wa!

Ó ku díẹ̀ ká gbéra ni ọ̀gá mi pè mí wọ ọ́fíìsì. Ẹ ti mọ ìyókù: iṣẹ́ bọ́. Mo délé, mo cancel gbogbo ẹ̀, a fi owó náà san mortgage, gbèsè ilé wa. Ìyẹn ò burú, àbí? Ohun tó burú ni pé mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Bùnmi ní ká sọ fún wọn. Mo fàáké kọ́rí. Mo ní ṣé kí wọ́n máa fi orúkọ mi gbàdúrà ní gbogbo Friday ni? Mo ní ká kàn jókòó sílé wa ní Saddle Ridge ní ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, ká fa kọ́tìnnì dé, ká gbé ọkọ̀ sínú garage. Tó bá yá, a ó “dé”. Ó wò mí títí, ó ní òun ti gbọ́.

Ẹ̀yin èèyàn mi, a lọ sí Genoa o! Àwòrán òpópónà ìlú náà wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, èèyàn lè máa tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń rìn. Èmi àti Bùnmi á jókòó ti laptop ní basement, a ó bẹ̀rẹ̀ létí omi, a ó gba àwọn ọ̀nà tóóró tí oòrùn kì í fi bẹ́ẹ̀ dé, tí wọ́n ti ń sá aṣọ láti fèrèsé kan sí èkejì. A tilẹ̀ jà lórí ilé oúnjẹ tí a ó wọ̀. Tèmi, ọmọ wa ọmọ ọdún márùn-ún, gbà pátápátá pé ilé wa ni à ń pè ní Genoa.

Mo wá fi àwòrán èbúté sórí WhatsApp fellowship, mo ní Ọlọ́run tóbi. Daddy Ọlátẹ́jú ló kọ́kọ́ dáhùn. Àgbà wa ni wọ́n, wọ́n ti lé ní ọgọ́ta ọdún, àwọn ni gbogbo wa ń sá tọ̀ bí ọ̀rọ̀ bá dojú rú. Wọ́n ní a ti lọ ire, a ó bọ̀ ire. Mo ṣe àmín. Ẹ ò rí ayé mi?

Ni snow bá rọ̀ mọ́jú. Ẹni tó ń gbé Calgary mọ̀ pé bí snow bá bo ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ iwájú ilé rẹ, ìwọ lo máa kó o, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìjọba ìlú á rán èèyàn wá kó o, wọ́n á sì fi bíìlì ránṣẹ́ sí ọ. Mi ò sì lè jáde.

Láàárọ̀, mo gbọ́ tí ṣọ́bìrì ń ha ilẹ̀. Mo yọjú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́tìnnì. Daddy Ọlátẹ́jú ni. Wọ́n wakọ̀ láti Okotoks, ìlú kan lẹ́yìn Calgary lọ́hùn-ún, wá kó snow ilé ẹni tó wà ní Italy.

Ẹ bá mi dá a rò. Bàbá tó tó bí mi ń ṣiṣẹ́ níta, èmi wà nínú yàrá pẹ̀lú pajámà! Nílé tí wọ́n ti tọ́ mi, bí àgbà bá mú ìgbálẹ̀, sísáré la máa ń sáré gbà á. Bùnmi ní kí n jáde. Ó ní ṣé mo gbàgbé pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ ẹ̀yìn fún Daddy, pé dókítà ní wọn ò gbọdọ̀ gbé ohun tó wúwo. Mi ò gbàgbé. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, wọn ò ní pẹ́ lọ. Ẹnu mi yìí ni mo fi sọ ọ́.

Wọ́n kó ti ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tán, wọ́n bọ́ sí driveway. Wọ́n á kó díẹ̀, wọ́n á fọwọ́ di ìbàdí mú, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Mo dúró, mò ń wò wọ́n.

Tèmi ló tú àṣírí wa. Àṣé ó ti gun àga lójú fèrèsé kejì, ó ń gbá gíláàsì: “Grandpa! Grandpa! We are in Genoa!”

Daddy gbójú sókè. Wọ́n juwọ́ sí ọmọ náà, wọ́n sì rí mi.

Mo sáré jáde láìwọ bàtà, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú snow. Mò ń kólòlò, mò ń ṣàlàyé layoff, mò ń bẹ̀bẹ̀. Wọ́n fara ti ṣọ́bìrì títí èémí wọn fi balẹ̀.

“Ṣé mo bi ọ́ bóyá o lọ ni?” ni wọ́n wí. “Snow ni mo wá kó. Dìde, lọ wọ bàtà.”

Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wọlé wá mu tíì. Wọ́n ní ọ̀nà jìn. Wọ́n ní àwọn ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni, pé èmi ni mo ni ọ̀rọ̀ mi.

Sunday tó tẹ̀lé e ló yẹ ká “dé”. Daddy ò sí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Pastor ní ká gbàdúrà fún wọn, ẹ̀yìn ti dá wọn dùbúlẹ̀, kò sì sẹ́ni tó mọ ohun tó fà á. Wọn ò sọ fún ìyàwó wọn pàápàá. Lẹ́yìn náà ni Pastor ní kí àwọn tó ti ìrìnàjò dé jáde wá dúpẹ́. Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ wa, àwọn kan ti ń pàtẹ́wọ́.

Bùnmi ò dìde. Mo dá lọ síwájú, mo gba máíìkì.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pàtẹ́wọ́,” mo ní. “Iwájú ilé mi ni Daddy ti fi ẹ̀yìn ṣèṣe. A ò lọ ibì kankan. Mo wà nílé, mò ń wò wọ́n.”

Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n wọn ò ní kí n fi ẹ̀yìn bàbá oníbàbá san ẹ̀sín tèmi. Ẹ ò ní gbàgbọ́, ẹnikẹ́ni ò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí iṣẹ́ tó bọ́. Ohun tí mò ń bẹ̀rù ò tó nǹkan kan.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ti jìyà rí nítorí pé ẹ ò fẹ́ kójú tì yín? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, mi ò ní dá yín lẹ́jọ́. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, mo ti ríṣẹ́ mìíràn. Daddy ṣì ń fi ọ̀pá rìn.