Iye Àwa Tí À Ń Lo Línúùsì

Ní Èrúwà níbí, orúkọ ọmọ ni wọ́n fi ń pe àgbàlagbà. Èmi tí mo ń jẹ́ Abọ́sẹ̀dé, Ìyá Àkíbù ni gbogbo àdúgbò mọ̀ mí sí. Ọ̀gbẹ́ni Babáwálé kò bímọ. Ará Ìkìrun ni, ìyàwó rẹ̀ sì ti kú kí wọ́n tó gbé e wá síbí láti máa tọ́jú yàrá kọ̀ǹpútà ní pólì. Fún ọdún mélòó kan, "Ọ̀gbẹ́ni" lásán ni à ń pè é, títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í pín síídì kiri. Láti ìgbà náà ló ti di Bàbá Síídì, inú rẹ̀ sì dùn sí orúkọ yẹn ju bó ti yẹ lọ.

Wàhábì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ kàwé ní Ìbàdàn, tó wá lọ fìdí kalẹ̀ sí Jámánì, ló fi páálí síídì náà ránṣẹ́ sí i ní 1998. Línúùsì ló wà nínú wọn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe yé mi. Kọ̀ǹpútà kì í dédé ṣiṣẹ́, àfi kí ohun kan wà nínú rẹ̀ tí yóò jí i, tí yóò sì máa darí rẹ̀. Wíńdòsì ni èyí tí gbogbo ayé mọ̀, títà ni wọ́n sì ń tà á. Línúùsì, ọ̀fẹ́ ni. Àwọn ènìyàn tí wọn kò mọra wọn rí, tí wọ́n fọ́n káàkiri ayé, ni wọ́n jọ ń ṣe é, ẹni tó bá sì wù lè mú un, kí ó dà á kọ, kí ó fún ẹlòmíràn. Èyí ló wọ Bàbá Síídì lọ́kàn. Èmi ò rí ohun bàbàrà kan níbẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù mi tí mo ti ń ṣe fótókọ́pì, tí mo ti ń tẹ ìwé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ta ló ra Wíńdòsì rí? Ẹnì kan ló ń dà á kọ fún wa ní Ìbàdàn. Ẹ wá ń sọ ọ̀rọ̀ ọ̀fẹ́ fún wa, àfi bí ẹni pé a ti sanwó rí.

Nǹkan kan wà tí Wàhábì ń fẹ́. Àwọn tó ń ṣe Línúùsì fẹ́ mọ iye ènìyàn tó ń lò ó, wọn kò sì mọ bí wọn yóò ṣe kà á. Ohun tí wọ́n bá ń tà, wọ́n lè ka iye tó tà. Ohun ọ̀fẹ́ ńkọ́? Síídì kan lè wọ kọ̀ǹpútà mẹ́wàá, ó sì lè máà wọ ẹyọ kan. Ó wá di kí kálukú fojú bu ti agbègbè rẹ̀, kí ó sì fi iye rẹ̀ ránṣẹ́. Wàhábì ní kí ó bá òun fojú bu ti Ìbàràpá. Ó ní tí wọ́n bá pọ̀ díẹ̀, òun yóò wálé lọ́dún Iléyá, kí gbogbo wọn lè jọ pàdé.

Ọ̀rọ̀ ìpàdé yìí ni ó gba Bàbá Síídì lọ́kàn. Bí ọjọ́ bá ti rọ̀, yóò wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mi, yóò máa sọ̀rọ̀ Línúùsì fún mi, èmi yóò máa dáhùn "ẹn-ẹn", ojú mi á sì wà lára bébà tí mò ń tò. Ó mọ̀ pé kò yé mi, síbẹ̀ kò yéé sọ ọ́. Àánú rẹ̀ a máa ṣe mí, inú rẹ̀ a sì máa bí mi. Ohun tó ń wá kò ju ẹnì kan tí yóò bi í ní ìbéèrè lọ, èmi kò sì ní ìbéèrè kankan.

Ló bá gbé àpò kọ́ èjìká, ó gun ọ̀kadà. Ó dé Igbó-Ọrà, ó dé Ayétẹ̀, ó dé ibikíbi tí ó bá ti gbọ́ pé kọ̀ǹpútà wà: ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, ilé-ìwé, ilé ìwòsàn, títí kan ilé àwọn tíṣà tí wọ́n ṣì ń retí kí ọmọ wọn ní Èkó fi kọ̀ǹpútà ránṣẹ́. Ó fún wọn ní síídì, ó sì là á yé wọn kúnnákúnná.

Ẹ ṣáà mọ bí a ti ń ṣe é. Bí ẹnì kan bá ta wá lọ́rẹ lónìí, a óò dúpẹ́ lójú ẹsẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, a óò tún padà lọ dúpẹ́ àná. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń wá sọ́dọ̀ rẹ̀, tí ẹni tí kò bá ráyè wá ń rán awakọ̀ sí i. Wọ́n á ní ẹ ṣé àná o, Bàbá Síídì. Bí ó bá béèrè bóyá ó ń ṣiṣẹ́, wọ́n á ní ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, Ọlọ́run á bù kún yín. Kí ni kí wọ́n ti sọ? Ta ni yóò wo ojú ẹni tó ta á lọ́rẹ, tí yóò sọ pé òun ò tíì tú ọ̀rá rẹ̀?

Bàbá Síídì wá sọ ìdúpẹ́ àná di òṣùwọ̀n. Ẹni tó bá padà wá dúpẹ́, ó ń lò ó nìyẹn. Ẹni tí kò bá wá, kò lò ó. Mo sọ fún un pé èmi náà dúpẹ́ àná, bẹ́ẹ̀ síídì tèmi wà lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ kàlẹ́ńdà, òun ni mo fi ń wo gèlè mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti yọ tèmi kúrò. Àwọn yòókù ló kà. Ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Ìbàdàn, ó fi ìméèlì ránṣẹ́ sí Wàhábì pé àwọn sún mọ́ ọgọ́ta. Wàhábì dáhùn pé òun ń bọ̀.

Nínú gbogbo àwọn tó fún ní síídì, ẹnì kan ṣoṣo ló bí i nínú. Mùnírátù ni, ọmọbìnrin kan tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn ní ilé ìwòsàn kan ní Igbó-Ọrà. Ó gba síídì, kò wá dúpẹ́, kò ránṣẹ́. Nígbà tó pẹ́, wọ́n pàdé ní gáréèjì. Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó ṣe bí ẹni tó fẹ́ sọ nǹkan, Bàbá Síídì fi imú dá a lóhùn, ó wọ ọkọ̀ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló wá ròyìn rẹ̀ fún mi, ó ní àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò lẹ́kọ̀ọ́. Mo gbè é lẹ́yìn.

Bí Iléyá ti ń súnmọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ pe àwọn ènìyàn rẹ̀ sí ìpàdé. Ayétẹ̀ ló kọ́kọ́ lọ. Tíṣà kan mú un dé oko ọkà bàbà rẹ̀ kó lè fi síídì hàn án. Ó fi okùn so ó kọ́ orí igi, ó ń yí nínú afẹ́fẹ́, oòrùn ń kọ mànà lára rẹ̀, ẹyẹ kankan kò sì gbọdọ̀ súnmọ́ ibẹ̀. Tíṣà náà tún dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tọkàntọkàn. Ní ọ́fíìsì kan, akọ̀wé fi tirẹ̀ bo ife tíì. Ọlọ́kadà tó gbé e padà ti gba ọ̀kan lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ti kàn án mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà kí iná ọkọ̀ lè máa ràn án. Ibi tó bá yà sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń dúpẹ́. Nígbà tó dé ṣọ́ọ̀bù mi, kò sọ̀rọ̀ Línúùsì. Omi ló tọrọ, ó mu ún, ó lọ sílé. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ ní ìbéèrè, n kò sì lè bi í.

Igbó-Ọrà ló kù. Àyànkúnlé, akọ̀wé kan ní ilé ìwòsàn yẹn, wà lára àwọn tó ti dúpẹ́ àná, nítorí náà ó lọ wò ó. Ó bá kọ̀ǹpútà tó ń jí lọ́wọ́ lórí tábìlì, àwọn ọ̀rọ̀ funfun ń sáré gba ojú rẹ̀ dúdú kọjá. Línúùsì ni. Ó bi Àyànkúnlé bóyá òun ló fi í sí i. Àyànkúnlé ní òun kọ́, iṣẹ́ Mùnírátù ni, òun kàn ń tan án ni, òun ò mọ̀ ọ́n lò.

Lọ́jọ́ tí Mùnírátù gba síídì gan-an ló fi í sínú kọ̀ǹpútà, kò mọ̀ pé yóò pa gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ rẹ́. Orúkọ àwọn aláìsàn lọ pátápátá. Ọjọ́ púpọ̀ ló fi jókòó tẹ̀ wọ́n padà láti inú fáìlì, kò gbójú sókè. Nígbà tó fi parí, ọjọ́ ìdúpẹ́ ti kọjá. Ó ń lo Línúùsì náà, ó sì fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ohun kan wà tí kò yé e. Ó wá ẹni tí yóò bi léèrè dé Ìbàdàn.

"Mo ní kó lọ bá yín," ni Àyànkúnlé wí. "Ó ní ojú ń ti òun, òun ò dúpẹ́ àná, báwo lòun ṣe máa tún lọ tọrọ nǹkan. Ó ní òun gbìyànjú ní gáréèjì, ẹ ò wojú òun."

Ìjọba ti gbé Mùnírátù lọ sí Kìṣí nígbà náà.

Bàbá Síídì lọ sí Kìṣí. Ó gba Ìsẹ́yìn, ó gba Ṣakí, eruku bò ó lórí títí. Ó bá Mùnírátù ní ọ́fíìsì kékeré kan tí kò sí iná, tí kò sí kọ̀ǹpútà, fáìlì àti bírò nìkan ló wà níwájú rẹ̀. Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ ṣé ti ìjelòó." Bàbá Síídì ní kó dìde, ó ní òun lòun jẹ̀bi. Lẹ́yìn náà ni Mùnírátù bi í ní ìbéèrè tó ti gbé sínú láti ọjọ́ yìí, bí wọ́n ṣe ń mú kí Línúùsì tẹ ìwé jáde lára pírńtà. Ó ṣàlàyé fún un láìsí kọ̀ǹpútà, ó fi bírò ya á sí ẹ̀yìn fáìlì. Mùnírátù tún bi í ní òmíràn. Ọkọ̀ tó kẹ́yìn fẹ́rẹ̀ẹ́ fi í sílẹ̀.

Nígbà tó padà dé, orí tábìlì mi ló ti kọ ọ̀rọ̀ tí yóò fi ránṣẹ́ sí Wàhábì. Ó ní kí ó má wulẹ̀ wá, òun ló ṣì í kà, àwọn kì í ṣe ọgọ́ta. Àwọn méjì péré ni. Mo wo ìwé náà, mo ní irọ́ ni. Mo ní ẹ̀yin lẹ sọ pé ẹni tó ń lò ó ni kí ẹ kà, ọmọ yẹn kò sì ní kọ̀ǹpútà mọ́, kí ló tún ń lò?

Ó dé bírò rẹ̀.

"Ìyá Àkíbù," ló wí, "tí mo bá kọ ọ̀kan, èmi nìkan nìyẹn."

Ó ká ìwé náà sápò, ó lọ wọ bọ́ọ̀sì Ìbàdàn.